Ìlà Gbòòrò Tí Mo Fi Pamọ́

Ilé Bàbá Káfíńtà,
Ayépé-Ìjẹ̀bú.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá.

Ayọ̀tọ̀míwá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Mofẹ́olúwa ọmọ ọwọ́ tí n kò tíì fojú kàn. Ṣé ara ti ń le? Ṣé ọmú ń jáde dáadáa? Ṣé ọmọ ń jẹ́ kí o sùn? Ọlọ́run tí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí otútù Àbújá mú ọmọ náà, omi tí ẹ fi ń wẹ̀ ẹ́ yóò máa tù ú lára, ohun tí o bá jẹ yóò di wàrà fún un. Èmi wà, bàbá yín wà, ilé kò sì jò.

Mo mọ̀ pé ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí o ti ń pè wá tí ẹnikẹ́ni kò gbé fóònù. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Inú odó ni fóònù wà ní ilé ìdáná, tèmi àti ti bàbá yín, mo sì fi ọpọ́n dé e. Nọ́ọ̀sì kan ní Èkó ni ó kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí fóònù súnmọ́ àyà bàbá yín, pé kí ó jìnnà sí i tó àtẹ́lẹwọ́ kan, ó kéré tán. Mo rò ó wò pé ta ni yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ wọn nǹkan láti àárọ̀ di alẹ́, pàápàá bàbá yín tí ó jẹ́ pé àpò àyà ni wọ́n máa ń fi fóònù sí. Kí ó kúkú jìnnà pátápátá. Mò ń gbọ́ ọ nígbà tí ó bá ń ké nínú odó, n ó sì sọ pé ọmọ mi, mo ń bọ̀. Hanifah, ọmọ Alàájì Yẹ̀kínì, ń bọ̀ ní Àbújá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

O bínú sí mi pé mi ò wá wẹ ọmọ. Ó tọ́ kí o bínú. Mo sọ fún ọ pé orúnkún ni ó ń dùn mí, mo tún sọ fún ọ pé ibà ni ó ṣe bàbá yín. Irọ́ ni méjèèjì. Nítorí oyún inú rẹ ni a kò fi fẹ́ kí o gbọ́. Ṣùgbọ́n mo pa irọ́ kan fún bàbá yín pẹ̀lú, èyí sì burú ju tìrẹ lọ. Jókòó kí n sọ bí ó ṣe jẹ́. Èmi gan-an kò lè jókòó, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ìgbà tí mo ti mú bírò yìí, kí n lè lọ wò ó bóyá bàbá yín ń mí.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni ó bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé ó ti lé ní ogójì ọdún tí bàbá yín àti Alàájì Yẹ̀kínì ti jọ ń kan òrùlé, láti Ayépé títí dé Odogbolu, kò sì sí òrùlé kan tí ọ̀kan gùn tí èkejì dúró nílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Bàbá yín gun àkàbà dé ìdajì, wọ́n sì dúró. Wọ́n dì í mú bí ọmọdé tí ó di ìyá rẹ̀ mú ní ọjà. Nígbà tí a sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ wọn ti ń wú, bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka náà yóò dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹ̀bà. Ìrọ̀rí kan di méjì, méjì di mẹ́ta, ìgbà tí ó yá, orí àga ni wọ́n ń sùn. Alàájì Yẹ̀kínì náà ti ń wúkọ́ tí ó sì ń mí gúlegúle kí ti bàbá yín tó bẹ̀rẹ̀, ó kàn ń fi í pamọ́ fún wa ni.

A kó àwọn méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Dókítà tí ó rí wọn, Dókítà Rahmah ni orúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré tí ojú rẹ̀ tutù, tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó fi ẹ̀rọ wo ọkàn wọn, ó ní ọkàn àwọn méjèèjì ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde bí ó ti yẹ mọ́. Ó fún wọn ní oògùn, ó ní kí n dín iyọ̀ kù. Ìkọ́kọrẹ́ tí mo sè láìsí iyọ̀, bàbá yín ní ó dà bí amọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán nítorí tèmi. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi lo oògùn. Omi kúrò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èémí kò padà.

Dókítà wá sọ fún wa pé àwọn dókítà kan ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó ní òpin oṣù kẹwàá, pé wọn yóò mú ẹ̀rọ kéékèèké kan dání tí wọ́n máa ń fi sí abẹ́ awọ àyà láti ran ọkàn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà kò pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọkàn tí ó rẹ̀ ni ó wúlò fún. Wọn yóò wọn iná tí ó wà nínú ọkàn, ìwọ̀n náà ni yóò sì fi ẹni tí wọn yóò mú hàn. Ohun tí ó yé èmi ni pé ìdánwò ni, ẹni tí ó bá yege ni wọn yóò fún, ẹni tí kò bá yege kí ó lọ máa retí àṣẹ Ọlọ́run.

Nígbà tí a padà dé ilé ìwòsàn Ìjẹ̀bú-Òde fún ìwọ̀n náà, wọ́n kọ́kọ́ mú fọ́ọ̀mù wá. Akọ̀wé tí ó ń kọ ọ́ bá mi túmọ̀ ibì kan, ó ní ta ni ó súnmọ́ aláìsàn jù lọ. Mo wo bẹ́ǹṣì. Èmi wà lórí ìdúró nítorí pé ara mi kò lè balẹ̀. Alàájì Yẹ̀kínì ni ó jókòó ti bàbá yín, èjìká wọn ń kan ara wọn. Mo ní Alàájì Yẹ̀kínì ni. Akọ̀wé béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀, Alàájì ka nọ́ńbà náà fún un, a sì lọ.

Ọmọkùnrin tí ó ń wọn iná náà, Gilbert ni ó ń jẹ́. Ó lẹ àwọn nǹkan rinrinrin mọ́ àyà bàbá yín, ó fi wáyà sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn. Bí ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni nẹ́pà mú iná lọ, wọ́n sì tan jẹnẹrétọ̀. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe iná jẹnẹrétọ̀ ni yóò wọ̀n báyìí, nítorí pé ti jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣẹ́jú. Ó ní Màámá, ọkàn ní iná tirẹ̀, Ọlọ́run ni ó fà á sí i. Mo ní ta ni ó wá ń ka mítà rẹ̀. Ó ní òun ni.

Ó ní ẹ̀rọ náà yóò tẹ ohun tí ó wà nínú ọkàn jáde sórí bébà. Ọmọ mi, mo ti lo ọdún méjìlélógójì lọ́dọ̀ bàbá yín, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo ní ó dára, lónìí a ó rí i. Nígbà tí bébà náà jáde, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, ìlà ni mo rí, bí ìgbà tí òròmọdìẹ ha ilẹ̀. Mi ò rí orúkọ mi níbẹ̀, mi ò sì rí ti obìnrin mìíràn, mo dúpẹ́.

Mo tẹ̀lé Gilbert jáde, mo bi í pé báwo ni. Kò fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní dókítà ni yóò sọ, ṣùgbọ́n dókítà ti rìnrìn-àjò, ó di Mọ́ńdè kí ó tó dé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ti Alàájì tóóró, ti bàbá gbòòrò, ó gbòòrò gan-an ni. Ó fi bébà sínú àpòòwé, ó ní kí n mú un wá fún dókítà ní Mọ́ńdè, kí bàbá sì bá mi wá.

Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré nípa ọ̀nà tóóró àti ọ̀nà gbòòrò, o sì mọ èyí tí ó ń gbé ènìyàn lọ sí ègbé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ni ó máa ń gbòòrò lára ènìyàn tí ó máa ń dára? Egbò ni ó máa ń gbòòrò. Mo mọ̀ nínú mi pé bàbá yín ti fìdí rẹmi. Mo ti àpòòwé náà bọ abẹ́ aṣọ òkè ìyá mi nínú àpótí, mo sì sọ fún bàbá yín pé bébà kò tíì jáde, pé tàdáwà ẹ̀rọ wọn ni ó tán. Bàbá yín ní kò burú. Wọn kò wo ojú mi.

Alàájì Yẹ̀kínì ni mo wá lọ kí kú oríire. Mo sọ fún un pé tirẹ̀ tóóró, pé Ọlọ́run ti ṣe é. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí Hanifah dín àkàrà sàráà fún gbogbo àdúgbò. Wọ́n gbé abọ́ kan wá fún mi. Mi ò lè fi kan ẹnu. Ewúrẹ́ ni ó jẹ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi fi bébà náà pamọ́. Mo ń gbá àgbàlá tí mo ti gbá, mo ń fọ ìkòkò tí ó mọ́. Mo gbààwẹ̀ pé kí Ọlọ́run bá mi sún ìlà náà pọ̀. Ní ọ̀sán, bí bàbá yín bá ti tòògbé, n ó yọ bébà náà wò bóyá ó ti súnkì. Mo tilẹ̀ fi òwú ìránṣọ wọ̀n ọ́n, mo so kókó sí òwú náà kí n lè mọ̀ bí ó bá dín kù. Kò dín. Èémí bàbá yín ni ó ń dín. Láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, wọn yóò dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọn yóò gé e sí méjì mẹ́ta kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Àárín ìgbà náà ni o bímọ. Rántí pé bàbá yín gba fóònù, wọ́n ní kí ó máa jẹ́ Mofẹ́olúwa, wọ́n sì dá fóònù padà fún mi. O bi mí lẹ́yìn náà pé ṣé inú bàbá kò dùn ni. Inú wọn dùn, ọmọ mi. Ibi tí èémí wọn mọ nìyẹn.

Ní ọjọ́rú kan, Alàájì Yẹ̀kínì wọlé wá ní ọ̀sán gangan, ó ń mí gúlegúle, ó sì jókòó sí ìloro láìkí ẹnikẹ́ni. Ó ní ilé ìwòsàn ni ó pe òun. Wọ́n ní nínú fọ́ọ̀mù bàbá yín, Theophilus, òun Alàájì ni ìbátan tí ó súnmọ́ ọn jù lọ, kí òun sọ fún un pé dókítà ti rí ìwọ̀n rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn, ó ti ń retí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó wá fúnra rẹ̀, kí ó má kọjá ọjọ́ Jímọ́ọ̀, nítorí ọjọ́ náà ni wọn yóò ti ìwé orúkọ pa. Ó ní wọ́n sọ pé ìlà Theophilus gbòòrò, gbòòrò náà sì ni wọ́n ń wá.

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ó wá sọ èyí tí ó ti ń gbé mì láti ìgbà náà. Ó ti lọ rí dókítà ní Mọ́ńdè tí wọ́n dá fún wọn, òun nìkan. Dókítà sọ fún un pé nítorí pé ìlà tirẹ̀ tóóró, ẹ̀rọ náà kò lè ṣe é ní oore kankan, oògùn ni kí ó máa lò, òun yóò sì fi òmíràn kún un. Kò sọ fún Hanifah. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àkàrà sàráà rẹ̀ sì ti wà nínú gbogbo àdúgbò.

Mo wọ yàrá, mo yọ àpòòwé náà láti abẹ́ aṣọ òkè, mo sì kúnlẹ̀ níwájú bàbá yín. Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Bàbá yín fi ọwọ́ kan èjìká mi, wọ́n sì sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí èémí wọn ti mọ:

“Susannah, dìde. Mo ti rí i láti ọjọ́ kejì. Fìlà mi ni mò ń wá nínú àpótí. Mo rí i, mo dá a padà. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí o kò bá tíì sọ ọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀.”

Ṣé o rí ayé, ọmọ mi? Èmi àti bàbá yín nínú ilé kan, a ń fi bébà kan náà pamọ́ fún ara wa.

Mo rò pé wàhálà parí nìyẹn. Bàbá yín ní àwọn kò lọ. Wọ́n ní ṣé kí àwọn wá gba ẹ̀rọ kí Yẹ̀kínì jókòó máa wò, ẹni tí àìsàn tirẹ̀ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Wọ́n kọjú sí ògiri. Mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n, mo tún fi orúkọ rẹ bẹ̀ wọ́n. Wọn kò yí padà. Alàájì Yẹ̀kínì kò bẹ̀bẹ̀ ní tirẹ̀. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní:

“Theo, ìṣó tí a fi ń kan páànù, ṣé òun la fi ń kan ìlẹ̀kùn? Dókítà kò sọ pé o sàn jù mí. Ó ní ibi tí tèmi ti bàjẹ́, ìṣó yẹn kò lè dì í mú. Bí o bá sọ ọ́ nù nítorí pé kò wọ ìlẹ̀kùn mi, òrùlé tìrẹ yóò ṣí, ìlẹ̀kùn mi kò sì ní tìtorí rẹ̀ tì.”

Bàbá yín yí ojú kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n wá ṣẹ́ẹ̀tì kan tí ó mọ́ fún àwọn.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Alàájì ní òun yóò kí Jímọ́ọ̀ níbẹ̀. Dókítà Rahmah tún iná ọkàn bàbá yín wọ̀n lójú mi. Mo jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo fi bébà pamọ́, mo sì sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà gbòòrò fún un. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní Màámá, gbígbòòrò tí ẹ rí yẹn, àsìkò ni. Ó ń sọ bí iná ṣe pẹ́ tó kí ó tó dé gbogbo inú ọkàn. Ní ti bàbá, iná tètè dé apá ọ̀tún, ó sì pẹ́ kí ó tó dé apá òsì. Ó ní ó dà bí ẹni méjì tí ó fẹ́ gbé igi òrùlé kan, tí ẹni iwájú ti gbé e dé èjìká kí ẹni ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀. Igi kò ní lọ, agbára yóò sì tán. Ẹ̀rọ náà yóò máa pe àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ní ti Alàájì, àwọn méjèèjì jọ ń gbé e, agbára ni kò sí lápá wọn, pípè kò sì lè fún wọn ní agbára, oògùn ni yóò ṣe é. Bàbá yín àti Alàájì wo ara wọn. Ọ̀rọ̀ igi gbígbé, kò sí ẹni tí ó lè fi í kọ́ àwọn méjèèjì.

Kí a tó jáde, dókítà fà mí sẹ́yìn, ó rọra sọ fún mi pé bí a bá tún fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, àwọn tí ń bọ̀ yẹn ìbá ti dé kí wọ́n sì ti lọ. Kò bá mi wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣì ń dún létí mi.

Àbúrò mi George ni ó gbà wá sílé ní Èkó. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú bàbá yín wọlé, wọ́n fi àga hàn mí pé kí n jókòó. Mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi omi, mo padà, mo tún lọ. Obìnrin tí ó ń nu ilẹ̀ ní kí n gbé ẹsẹ̀, nígbà tí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta mo gba igi ìnulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a nù ú dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà yàrá mìíràn. Ó ju wákàtí méjì lọ. Dókítà kan jáde wá, ó ní wáyà mẹ́ta ni, méjì wọlé wọ́ọ́rọ́, ẹ̀kẹta tí ó ń lọ sí apá òsì ni ó ṣe agídí, àwọn yọ ọ́, àwọn tún un fi, ó ti wá dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n wọn iná náà lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì pè mí wá wò ó. Ìlà tí mo fi òwú wọ̀n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti tóóró. Mo béèrè bóyá ó ti wá di ti Alàájì báyìí. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n dúpẹ́, kí n sì mọ̀ pé oṣù mélòó kan ni ọkàn yóò fi kọ́ rírìn, ti ẹlòmíràn tilẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ “mélòó kan” yìí ni kò jẹ́ kí n sinmi. A ti délé, wọ́n ní bàbá yín kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ òsì kọjá èjìká, mo sì ti fi aṣọ so ó mọ́ wọn lára. Wọ́n ní bátìrì ẹ̀rọ náà yóò lo ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí wọn yóò ti máa chájì rẹ̀. Èyí tí ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, oòrùn ni ó ń lò, nítorí náà mo máa ń gbé àga bàbá yín sí oòrùn láràárọ̀, mo sì ń ṣí bọ́tìnnì wọn méjì òkè. Wọ́n ní ó ń gbóná. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, kí ó kún. Bí mo ti ń kọ èyí, ibẹ̀ ni wọ́n wà, jẹ́ kí n lọ wò wọ́n.

Ọmọ mi, má wo bí ìwé mi ṣe wọ́ láti ibí yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọlé ni. Mo dé ìta, àga wà nínú oòrùn, kò sí ènìyàn lórí rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo wo ilé ìwẹ̀, mo pè, kò sí ìdáhùn. Aṣọ tí mo fi so ọwọ́ wọn ni mo rí nílẹ̀. Mo sáré jáde láìwé gèlè, sálúbàtà kan ní ẹsẹ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ kànga, mo gun òkè mọ́ṣáláṣí tí èmi gan-an máa ń dúró mí ní ìdajì rẹ̀. Mo ń wo gọ́tà ní ọ̀tún àti ní òsì bí mo ti ń lọ, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń wá níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé Alàájì Yẹ̀kínì ni mo ti bá wọn. Bàbá yín jókòó sórí òkìtì pákó, ọwọ́ òsì wọn wà lórí itan, wọ́n ń fi ti ọ̀tún nàka. Alàájì ń kan ilé adìẹ fún Hanifah, ó kan ìṣó kan, ó sinmi, ó tún kan òmíràn. Bàbá yín rí mi, wọ́n sì ní:

“Susannah, kí ló ń lé ọ tí o fi ń sáré kiri láìwé gèlè, mo pè ọ́ nínú ilé o kò dáhùn, lẹ́tà lò ń kọ, oòrùn yẹn sì ti fẹ́ yan mí bí àgbàdo, ni mo bá ní kí n wá wo ilé adìẹ tí Yẹ̀kínì ń kàn wọ́ yìí kí ó tó wó pa àwọn adìẹ.”

Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn kò gé e. Mo dúró kí n gbọ́ ibi tí wọn yóò ti mí, mi ò gbọ́ ọ. Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti dúró sinmi lórí òkè yẹn. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní àwọn kò rántí pé àwọn dúró. Alàájì gbé òòlù sílẹ̀, ó wo bàbá yín, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi etí ẹ̀wù nu ojú. Èmi jókòó sórí pákó náà, mo sì jókòó níbẹ̀ títí ó fi kan ìṣó mẹ́fà.

Ibẹ̀ ni bàbá yín ti ní kí n máa múra Àbújá, pé kí n lọ wẹ ọmọ, Hanifah tí ó ń lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kò ní pẹ́ dé, yóò máa bá wọn se oúnjẹ. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni a ó padà lọ rí Dókítà Rahmah, bí ó bá fọwọ́ sí i, n ó wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Nítorí náà, bá mi fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o fi díẹ̀ kún un fún oògùn tuntun tí dókítà fún Alàájì, ó wọ́n, ó sì ti ń ge hóró kan sí méjì kí ó lè pẹ́. Kò mọ̀ pé mo ń béèrè, má sọ fún Hanifah. Ikọ́ rẹ̀ ti dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n òkè mọ́ṣáláṣí yẹn ṣì ń dá a dúró, àdúrà ni mo sì ń gbà fún un báyìí, mi ò sọ fún Ọlọ́run mọ́ bí ìlà rẹ̀ ṣe yẹ kí ó rí. Bá mi bi ọkọ rẹ tí ó mọ̀wé pẹ̀lú pé ṣé òótọ́ ni pé bátìrì náà kò nílò oòrùn, nítorí bàbá yín ti gbé àga náà wọlé, mi ò sì fẹ́ bá wọn jà lórí ohun tí kò dá mi lójú.

Ayọ̀tọ̀míwá, ilé tí o wà yóò gbà ọ́. Ọkọ rẹ yóò jáde yóò wọlé. Ohun tí ó bá ń bà ọ́ lẹ́rù, ìwọ yóò rí ẹni tí o lè sọ ọ́ fún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tí o bí yóò gbọ́n, yóò gbó, yóò sì sin ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́. Ọlọ́run yóò fi ayọ̀ pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Susannah.

Bàbá yín ní kí n kọ ọ́ síbí pé àwọn kí ọ, pé inú àwọn dùn gan-an lọ́jọ́ tí o bímọ, pé àwọn fẹ́ sọ ọ́ fúnra àwọn. Fóònù yóò wà ní ọwọ́ ọ̀tún wọn ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Pè é.